Ta ló bi Táíwò? Ìdáhùn sí lẹ́tà Ìyá Ìbejì

Lẹ́tà kan dé láti Leeds. Mo gé e kúrú díẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì yọ̀ǹda kí n gbé e síbí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo bí ìbejì obìnrin, wọ́n ti pé ọmọ ogún ọdún. Nígbà ìsinmi Kérésìmesì mo wọ yàrá Kẹ́hìndé láti kó aṣọ tó fẹ́ fọ̀, mo bá tábìlì kékeré kan tó tẹ́ aṣọ dúdú lé: àbẹ́là méjì, abọ́ iyọ̀, ife omi, ọ̀bẹ kan tí èèkù rẹ̀ dúdú, ìwé kan tó fọwọ́ kọ, àwòrán Ọ̀ṣun àti ìgò oyin. Mo figbe ta. Ó ní kí n fara balẹ̀, Wicca lòun ń ṣe, ẹ̀sìn ni, òfin àwọn sì ni pé àwọn ò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni lára. Àṣé Táíwò ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní Kẹ́hìndé ló ṣe nǹkan tí òun àti ọ̀rẹ́kùnrin òun fi pínyà, Kẹ́hìndé ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún òun. Láti oṣù mẹ́ta wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Kí n má parọ́, èmi náà ò fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn, mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run tú wọn ká. Pásítọ̀ wa ní kí n mú Kẹ́hìndé wá fún ìdáǹdè. Ṣé àjẹ́ lọmọ mi dà ni? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lófin? Ṣé kí n kó gbogbo ẹrù yẹn dànù?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú ọmọ o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ẹ lè rò pé ọ̀bẹ ni yóò já mi láyà, àmọ́ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló dá mi dúró. N óò padà sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àjẹ́ kúrò nílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn.

Kẹ́hìndé ò di àjẹ́, pàápàá irú èyí tí ìyá tó bí yín máa ń bẹ̀rù lóru. Àwa tá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ la dá wàhálà yìí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ Bíbélì di Yorùbá, "àjẹ́" ni wọ́n fi sí Ẹ́kísódù 22:18, láti ìgbà náà gbogbo ohun tí Òyìnbó bá ti pè ní witch ló ti di àjẹ́ lẹ́nu wa, títí kan èyí tó ń gun ìgbálẹ̀ nínú fíìmù ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ àjẹ́ ilé wa ní ìrísí tirẹ̀. Wọ́n ní wọ́n máa ń bí i mọ́ ènìyàn ni, tàbí kí wọ́n fi í sínú oúnjẹ fún un. Kì í jẹ́wọ́ àfi tó bá dójú ọ̀gbagadè. A kì í dárúkọ rẹ̀ gàn-án, "àwọn ìyá wa" là ń wí, tàbí "ẹlẹ́yẹ". Ní Kétu àti àwọn ìlú tó yí i ká, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń jó kí inú àwọn ìyá lè yọ́, nítorí agbára tó lè ba ayé jẹ́ náà ló lè tún un ṣe. Ẹni tó ń ṣe Wicca ńkọ́? Ó lọ kọ́ ọ ni, bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́. Ó ra ìwé, ó pe ara rẹ̀ ní witch, ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba: nínú ìkànìyàn ọdún 2021 ní England àti Wales, nǹkan bí 13,000 ènìyàn ló kọ Wicca síbi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀sìn, nǹkan bí 74,000 sì kọ Pagan. Àjẹ́ wo ló ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba?

Etí wa tún ń kó bá wa. Ẹ pe "Wicca" kíákíá, "ìkà" lẹ ó gbọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni o, oṣó ọkùnrin ni wọ́n fi ń pè nígbà náà. Kò bá ìkà tiwa tan rárá.

Ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀ kò dàgbà tó bí wọ́n ṣe ń fi í yangàn. Gerald Gardner ló gbé e síta, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Malaya kó tó fẹ̀yìn tì padà sí England. Ó ní ọdún 1939 ni ẹgbẹ́ kan lẹ́bàá igbó New Forest fi awo han òun. Òfin 1735 lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Òfin ọ̀hún yani lẹ́nu, torí kò gbà pé àjẹ́ wà: ẹni tó bá ń díbọ́n pé òun ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ló ń fìyà jẹ. Òun ni wọ́n fi rán obìnrin aríran kan, Helen Duncan, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án ní 1944, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Ní 1951 ni wọ́n pa òfin náà rẹ́. Lọ́dún 1954 Gardner tẹ ìwé jáde, ó ní àwọn witch ṣì wà láàyè, òun sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ wo bí ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú á ṣe gbádùn ìyẹn. Àwọn àgbàlagbà tó ń bọ́ra sí ìhòòhò jó yí iná ká! Ìbọ Sátánì, wọ́n ní. Inú ìgbóná yẹn ni wọ́n ti wá ń tẹnu mọ́ ìwà rere wọn. Ní 1959 Gardner kọ ọ́ pé ìwà àwọn ènìyàn òun fara jọ ti ọba kan nínú ìtàn àròsọ Faransé, tó ní kí oníkálukú ṣe ohun tó wù ú tí kò bá ṣáà ti pa ẹnikẹ́ni lára. Ọdún 1964 ni Gardner kú sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Doreen Valiente, obìnrin tó kọ púpọ̀ nínú àdúrà àti ewì tí wọ́n ń lò, dìde níbi àsè kan, ó sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dún bí ti àtijọ́ sọ ọ́: bí kò bá pa ẹnikẹ́ni lára, ṣe bó o ṣe fẹ́. Rede ni wọ́n ń pe gbólóhùn yìí.

Rede yìí ni Kẹ́hìndé pè ní òfin fún yín. Níbẹ̀ ló ti ṣì í. Ìmọ̀ràn ni "rede" túmọ̀ sí. Ẹ sì tún gbólóhùn náà kà: ìyọ̀ǹda ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó ní ohun tí kò bá ti pani lára, o lómìnira láti ṣe é. Kò sọ ohun tó yẹ kó o ṣe nígbà tó bá máa pani lára lápá kan, tó sì máa ṣeni lóore lápá kejì. Ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ká ní ẹ̀yin mẹ́rin lẹ̀ ń du ipò Band 6 kan ṣoṣo ní wọ́ọ̀dù, tí ọ̀kan sì lọ tan àbẹ́là aláwọ̀ ewé, tó kọ orúkọ ipò náà sí i lára, tó ń wí ọfọ̀ sí i láràárọ̀. Bí iṣẹ́ bá jẹ́, mẹ́ta yóò pàdánù. Ṣé ó pa wọ́n lára àbí kò pa wọ́n lára? Àwọn tó gbọ́n nínú àwọn tó ń ṣe Wicca á ní kí ó má dárúkọ ipò yẹn, kó tọrọ "iṣẹ́ tó bá mi mu". Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ìfẹ́: o lè tọrọ kí ìfẹ́ wá bá ọ, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ Lágbájá. Èmi rò pé ọgbọ́n inú rẹ̀ tóbi ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Tí o bá ti dárúkọ ẹnìkan, o ti wọ inú ilé rẹ̀.

Wọ́n ní òmíràn, òfin ìlọ́po mẹ́ta: ohun tó o bá rán jáde á padà wá bá ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ó ti máa sọ pé, "Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀." Wọ́n jọra lóòótọ́, àyàfi pé eérú tiwa kì í ka iye. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọdé tó ń ṣe é lórí TikTok kò mọ̀. Nínú ìtàn àròsọ tí Gardner tẹ̀ ní 1949 ni ọ̀rọ̀ ìlọ́po mẹ́ta yìí ti kọ́kọ́ hàn, ohun mìíràn ló sì sọ níbẹ̀. Níbi ìgbàwọlé sínú awo, wọ́n na ẹni tuntun ní pàṣán. Wọ́n wá ní kí òun náà na ẹni tó gbà á wọlé, ní ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni kó máa ṣe: tó bá gba oore, kó san án padà lọ́nà mẹ́ta. Gbèsè oore ni. Lẹ́yìn náà ni ẹnu àwọn ènìyàn sọ ọ́ di ẹ̀san tí ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, bíi kóńdó ọlọ́pàá. Mo fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ jù. Ẹni tó ń yẹra fún ibi nítorí kóńdó, kó sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tí kóńdó ò bá sí.

Mo ti jókòó láàárín wọn rí. Yàrá òkè ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, wọ́n máa ń pàdé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí ẹgbẹ́ ìdílé ti ń ṣe: bíà, bísíkíìtì, ariwo. Obìnrin kan bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n bá òun tan àbẹ́là fún ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run ní ọsibítù. Àánú ṣe mí, mo rò pé wọ́n á dìde lójú ẹsẹ̀. Bàbá àgbà kan tó jókòó sígun ń fi èékánná ha ìda àbẹ́là kúrò lára tábìlì. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ó mọ̀?" Obìnrin yẹn ní rárá, ìjọ Àgùdà ni ẹ̀gbọ́n òun, inú á bí i tó bá gbọ́. Bàbá náà ní, "Ó dáa, ìwọ la máa ṣe é fún." Wọ́n sì ṣe é fún un, kí ó lè lágbára láti jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọkùnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lórí ìwà rere nínú iṣẹ́ wọn wà nínú "Ṣé ó mọ̀?" yẹn. Ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ yìí funfun, ìyẹn dúdú, kò sọ nǹkan kan fún mi. Àdúrà ìwòsàn funfun báláú ni, bàbá yẹn ò sì fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é lé lórí ò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wá fi èyí wo ohun tí Kẹ́hìndé ṣe. Àbẹ́là méjì tí ẹ rí lórí tábìlì lè jẹ́ ti òrìṣà obìnrin àti òrìṣà ọkùnrin wọn, ìyẹn wọ́pọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kan gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí: wọ́n á fi òwú so àbẹ́là méjì pọ̀, àbẹ́là kan dúró fún ọmọbìnrin, èkejì fún ọmọkùnrin, wọ́n á tan méjèèjì, tí iná bá ti já òwú, ìfẹ́ já nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣe. Nínú ọkàn rẹ̀, ó gba àbúrò rẹ̀ là. Táíwò ò kú, ọmọkùnrin yẹn ò ya wèrè, Rede ò sì dá a lẹ́bi lójú ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi Táíwò. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́, ó ti gba ọkàn ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́, tí wọ́n kàn pínyà bí àwọn ọmọ ogún ọdún ti ń pínyà, ó ṣì ti lérò láti gbà á. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bi mí bóyá ó ń jẹ́. Fún ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ yín, ìdáhùn sí ìyẹn ò yí nǹkan kan padà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Ẹ rántí magùn. Ọkọ fura sí ìyàwó, kò bi í léèrè, kò lé e jáde, ó lọ fi nǹkan sẹ́nu ọ̀nà kó lè dá a kọjá. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá bá a sùn á kọ bí àkùkọ, tàbí kó gbókìtì, kó kú. Bí obìnrin náà ò bá sì ti ẹ̀ yan àlè, àwọn kan ní òun fúnra rẹ̀ ni magùn á pa tí ọjọ́ bá pé. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn yìí, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin tó gbókìtì. Ẹ bá mi ro ti obìnrin. Wọ́n sọ ara rẹ̀ di pàkúté, òun nìkan ni kò mọ̀. Ìyá mi àgbà máa ń pòṣé tí wọ́n bá débẹ̀ nínú ìtàn. Kò ka ìwé kankan lórí ẹ̀tọ́ ènìyàn.

Kẹ́hìndé lè sọ fún yín pé kì í ṣe gbogbo witch ló gba Rede, òótọ́ ló sì sọ. Ní Los Angeles, obìnrin kan tó ń jẹ́ Zsuzsanna Budapest, tí wọ́n mú ní 1975 nítorí pé ó wo káàdì tarot fún ọlọ́pàá obìnrin tó wọ aṣọ ilé, gbà pé ó tọ́ kí àwọn obìnrin fi èpè lé afipábánilòpọ̀. Ní 2016, nígbà tí adájọ́ Amẹ́ríkà kan fún ọmọ Yunifásítì Stanford kan ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà péré lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ witch kóra jọ lórí Facebook láti gégùn-ún fún ọmọ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọfọ̀ di Donald Trump lọ́wọ́: ní ọ̀gànjọ́, nígbà tí òṣùpá bá ń dín kù, pẹ̀lú fọ́tò kékeré rẹ̀, àjókù àbẹ́là aláwọ̀ ọsàn àti káàdì tarot kan. Àwọn tó ṣe é ní àwọn ò ṣépè, àwọn kàn so ó lọ́wọ́ ni kó má bàa ṣèkà. Gardner náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ní 1940 àwọn witch New Forest péjọ sínú igbó, wọ́n ń darí ọ̀rọ̀ sí Hitler pé kò lè ré òkun kọjá. Àríyànjiyàn ńlá ló wà láàárín wọn lórí dídì àti ṣíṣépè. Lójú tèmi, ẹni tó so ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́ ẹ̀yìn, tó wá ń búra pé òun ò lù ú, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ láti sọ. Mo kàn gbà pé ìgbà mìíràn wà tó yẹ kí a so ọwọ́ ẹni.

Àwa gan-an ò lè fọwọ́ sí Rede bó ṣe wà. Tibi-tire la dálé ayé. Ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tàbí Ìkálẹ̀, tó sì lọ fi ẹjọ́ sun Ayélála, kò sẹ́ni tó ń pè é ní oníkà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n máa ń kéde ṣáájú: ẹni tó mú un, kó dá a padà. Olè náà ní àkókò láti ronú. Ẹ fi èyí wé òwú tí wọ́n jó nínú yàrá tí wọ́n tì pa.

Ọ̀rọ̀ owó kò ní pẹ́ wa. Ẹ bi Kẹ́hìndé bóyá ó ń san owó fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìlà Gardner, èèwọ̀ ni kéèyàn gba owó kó tó fi awo han ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń bèèrè £300 láti yọ ègún tí òun fúnra rẹ̀ rí lára ọmọ yín, ọ̀kan náà ni òun àti "Professor" tó ń pín páńfílẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá Peckham pé òun á dá ọkọ yín padà láàárín wákàtí 48. eBay lé àwọn tó ń ta irú iṣẹ́ yìí kúrò ní 2012, Etsy náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2015, wọ́n sì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń lọ síbi ẹgbẹ́, ẹ béèrè ẹni tí olórí jẹ́, bóyá wọ́n ń bọ́ aṣọ, àti bóyá ó lè ní òun ò ṣe kí ẹnikẹ́ni má bínú. Ẹgbẹ́ gidi á dáhùn láìfi nǹkan pamọ́, púpọ̀ wọn kì í sì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Olórí tó bá ní dandan ni kó bá òun sùn kó tó rí awo, ọ̀daràn ni, kì í ṣe àlùfáà ẹ̀sìn kankan.

Nípa kíkó ẹrù dànù: ẹ má ṣe é. Iyọ̀ ni iyọ̀, omi ni omi. Ọ̀bẹ aléèkù dúdú yẹn, athame ni wọ́n ń pè é, wọn kì í fi gé nǹkan kan. Ojú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi í pààlà sí. Kó ṣáà má gbé e sínú báàgì rìn. Láti 1988 ni òfin ilẹ̀ yìí ti ní ẹni tó bá mú irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ dání ní gbangba gbọ́dọ̀ ní ìdí tó gúnmọ́. Òfin ka ẹ̀sìn mọ́ irú ìdí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú máa ṣàlàyé Gerald Gardner fún ọlọ́pàá lójú pópó Leeds.

Ti Ọ̀ṣun ló dùn mí díẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ti ń mú òrìṣà wa bí ẹni mú èròjà ọbẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù: Ọ̀ṣun fún ìfẹ́, Ọya fún ìjà, Èṣù, áà, ẹ jẹ́ ká fi ti Èṣù sílẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ àgbà kankan, kò mọ oríkì, kò mọ èèwọ̀. Ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú ti gbé Ọ̀ṣun lọ, ẹni tó bá fẹ́ gbé oyin fún un á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú rẹ̀, torí ìtàn wọn ní ọ̀tá ti fi májèlé sínú oyin fún un rí. Ó ti tó nǹkan bí igba ọdún tí òkun ti wà láàárín wa, wọ́n ṣì rántí pé a kì í gbé nǹkan síwájú ẹni tá ò kọ́kọ́ fẹnu ara wa jẹ́rìí sí. Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ̀tọ́ tó ní sí Ọ̀ṣun ju ti ọmọ Òyìnbó tó kọ́ ọ lọ. Ẹ sọ fún un pé kó lọ bá àwọn tó ń bọ ọ́ ní Òṣogbo nígbà tó bá délé, kó wá rí bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ní ti pásítọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má mú un lọ. Ìdáǹdè tó bẹ̀rẹ̀ láti orí "àjẹ́ ni ọ́" kì í mọ ibi tí yóò dúró. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2010, ní Newham ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ọmọkùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Kóńgò kú lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí wọ́n fi ń lù ú nítorí wọ́n ní àjẹ́ ni. Ní gúúsù Nàìjíríà pàápàá, abala 210 nínú Criminal Code ní ẹni tó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Bí pásítọ̀ bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á nílé ara rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ bá Kẹ́hìndé sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́.

Ẹ wò ó, ó kan ààwẹ̀ wàyí. Ẹ ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ìfẹ́ Táíwò tú ká. Kẹ́hìndé jó òwú, ẹ̀yin fi ebi pa ara yín, ohun kan náà lẹ̀ ń wá lọ́wọ́ ọ̀run. Ẹ ó ní Ọlọ́run lẹ bẹ̀, Ọlọ́run sì lè kọ̀. Mo gbà, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, nítorí òwú kì í rò ó kó tó jó. Síbẹ̀, ní ti Táíwò, ìyá rẹ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ ló jókòó nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń ṣe nǹkan lé e lórí. Òun ló mọ ti ẹnìkan, kò mọ ti ẹnìkejì. Òun ló sì ń bínú sí Kẹ́hìndé nìkan láti oṣù mẹ́ta.

Ẹ ò lè ní kí Kẹ́hìndé tọrọ àforíjì lórí ohun tí ẹ̀yin náà fi pamọ́. Ẹ pe Táíwò kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, bóyá ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá bọ́ níbi iṣẹ́. Tó bá gbé fóònù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí Wicca, ẹ má dárúkọ ọ̀bẹ. Ẹ sọ ti ààwẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ.